Àgékù òkúta lè di ọjà lọ́wọ́ àwọn tó ń sin ẹja òkun, àmọ́ ìtọ́jú rẹ̀ ló ń mówó wá

Ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń gé mábù àti gíránáìtì ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta yóò rí òkìtì àgékù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Èyí tó ṣẹ́ kù lára tábìlì ilé ìdáná wà níbẹ̀, èyí tó fọ́ nígbà tí wọ́n ń já a kúrò nínú ọkọ̀ wà níbẹ̀, èyí tí oníbàárà kọ̀ nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ kò bá èyí tó kù mu náà wà níbẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kòtò ojú ọ̀nà ni wọ́n máa ń fi dí. Bẹ́ẹ̀, àwọn kan wà tí irú òkúta yìí wúlò fún gan-an. Àwọn ni àwọn tó ń to àpótí onígíláàsì tí wọ́n ń sin ẹja òkun sí, yálà fún òtẹ́ẹ̀lì, ilé ìwòsàn, ọ́fíìsì tàbí fún ẹni tó kàn fẹ́ kí ẹja máa lúwẹ̀ẹ́ ní pálọ̀ òun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gé òkúta àti ẹ̀yin tí ẹ ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ lè rí owó díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ibẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òkúta fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lówó lórí. Ohun méjì ni oníbàárà ń sanwó fún: àkọ́kọ́, pé ẹ mọ ibi tí òkúta náà ti wá; èkejì, pé ẹ ti fọ̀ ọ́, ẹ sì ti dán an wò pẹ́ tó kí ó tó dé ọwọ́ òun. Ẹni tó bá ta òkúta láìní méjèèjì, wàhálà ló tà. Òkúta kan ṣoṣo tó ní bàbà tàbí epo nínú lè pa gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó wà nínú àpótí, oníbàárà kì í sì í gbàgbé ẹni tó tà á fún un.

Ìdí tí ẹja òkun fi nílò ìṣọ́ra

Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ẹja àrọ̀ rí mọ̀ pé ẹja náà lágídí, ó lè fara da omi tí kò mọ́ tó. Ẹja òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú kílò omi kan, ìwọ̀n ìkan rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní pH sì máa ń wà láàárín 8.1 sí 8.4. Inú òkun fẹ̀, ohun yòówù tó bá bọ́ sínú rẹ̀ á pòórá. Ṣùgbọ́n inú àpótí onígíláàsì, omi kan náà ló ń yí káàkiri láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ohun tó bá ń jò díẹ̀díẹ̀ láti ara òkúta, ibẹ̀ náà ni yóò máa kó jọ sí.

Èyí tó burú jù nínú wọn ni bàbà. Àwọn tó ń tọ́jú ẹja máa ń fi oògùn tó ní bàbà pa kòkòrò ara ẹja, ẹja náà á sì yè é. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n kan náà tó wo ẹja sàn yóò pa edé, akàn, ìgbín òkun àti iyùn. Ẹ rántí pé iyùn tí a ń wí yìí jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí nínú omi, kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn lásán.

Kí ni òkúta wà fún nínú àpótí ẹja? Ẹja ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, iyùn ń jókòó lé e, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń sọ ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹja di ohun tí kò léwu sì ń gbé lára rẹ̀. Láyé àtijọ́, òkúta tí wọ́n ṣẹ́ lára àpáta iyùn inú òkun ni wọ́n ń lò jù. Ní báyìí, iyùn olókùúta wà lára ohun tí àdéhùn àgbáyé CITES ń ṣọ́, a kò lè kó o láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì láìgba ìwé àṣẹ. Ìdí nìyí tí òkúta orí ilẹ̀ fi ń rọ́wọ́ mú.

Èyí tí ẹ lè mú

Mábù ló wà ní iwájú. Èyí tí wọ́n ń wà ní Ìgbẹ́tì ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ní Jákúrà ní ìpínlẹ̀ Kogí jẹ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ohun tó wà nínú mábù kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ohun tó wà nínú ìkarahun ìgbín òkun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, irú èyí tó wà ní Ewékorò àti Ṣàgámù. Òun máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ ju mábù lọ, èyí sì dára fún àwọn kòkòrò àìfojúrí tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀kẹta ni gíránáìtì, irú òkúta tí Olúmọ Abẹ́òkúta jẹ́. Gíránáìtì kò ń yọ́ nínú omi, ó kàn máa ń wúwo, ó sì dì gan-an.

Ẹ má ṣe tan oníbàárà pé mábù yóò máa tún omi rẹ̀ ṣe. Omi òkun tó bá wà ní pH 8.2 kì í yọ́ mábù tó bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tó wà nínú mábù ti kún inú omi náà tẹ́lẹ̀. Ẹ sì sọ fún un pé mábù àti gíránáìtì kò ní ihò tó àpáta iyùn, nítorí náà yóò nílò asẹ́ omi tó dára tàbí òkúta oníhò kún un.

Èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀

Àkọ́kọ́ ni òkúta àtọwọ́dá tí wọ́n fi ń ṣe tábìlì ilé ìdáná, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní "quartz". Òkúta lílọ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù àti àwọ̀ pò pọ̀ ni, kì í ṣe òkúta àdáyébá. Eruku rẹ̀ náà léwu gan-an fún ẹni tó ń gé e. Nítorí àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ń fà, ìjọba Australia fòfin de lílò rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024.

Èkejì ni òkúta tí sìmẹ́ǹtì ṣì lẹ̀ mọ́, àti teráásò, nítorí pé sìmẹ́ǹtì máa ń gbé pH omi sókè kọjá ààlà. Ẹ̀kẹta ni òkúta tó ní ilà aláwọ̀ ewé tàbí búlúù, nítorí ó lè jẹ́ àmì bàbà. Ẹ̀kẹrin ni èyí tó ń kọ mànà bíi góòlù nínú, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ ìpẹtà. Ẹ̀karùn-ún ni òkúta tó ti jókòó sí ọgbà mẹkáníìkì tàbí lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń ta dísù, nítorí òkúta máa ń fa epo mu.

Ẹ̀kẹfà, ẹ má ṣe gba òkúta tó wá láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù, òjé tàbí sínkì, bó ti wù kí ó lẹ́wà tó. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ti kú nítorí òjé tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ kí wọ́n lè rí góòlù yọ. Ojú lásán kò lè rí òjé yẹn.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi ẹni tó ni àgékù

Kí ẹ tó gbé òkúta kankan, ẹ béèrè ohun mẹ́rin lọ́wọ́ ẹni tó gé e. Ibo ni wọ́n ti wà á? Ṣé wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dí ihò ara rẹ̀? Ṣé wọ́n ti fi epo tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí omi wọ òkúta pa á lára? Kí ni wọ́n dà sí ẹ̀rọ nígbà tí wọ́n ń gé e, ṣé omi lásán ni àbí epo wà níbẹ̀?

Ẹ tún yí òkúta náà padà kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ pẹpẹ mábù tó ń wá láti òkè òkun ni wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ àwọ̀n sí ẹ̀yìn kí ó má baà fọ́ lójú ọ̀nà. Tí ẹ bá rí àwọ̀n, ẹ fi òkúta náà sílẹ̀, àyàfi tí ẹ bá lè gé gbogbo apá ẹ̀yìn yẹn kúrò pátápátá. Àgékù tí ẹnu ẹ̀rọ kàn, tí wọn kò tíì dán, tí wọn kò sì tíì fi ohunkóhun pa lára, òun ló dára jù.

Tí kò bá sí ẹni tó lè dáhùn ìbéèrè yìí, ẹ jẹ́ kí òkúta náà máa lọ sí kòtò ojú ọ̀nà.

Fínígà àti mágínẹ́ẹ̀tì: ohun tí wọ́n lè sọ àti èyí tí wọn kò lè sọ

Ẹ kán fínígà díẹ̀ sára òkúta tó gbẹ. Tó bá ń hó pẹ̀lú fóòmù wẹ́wẹ́, mábù tàbí òkúta sìmẹ́ǹtì ni. Tí kò bá hó, ẹ fi ìṣó ha á títí ìyẹ̀fun rẹ̀ yóò fi jáde, kí ẹ tún kán an sórí ìyẹ̀fun náà, nítorí pé oríṣi mábù kan wà tí kì í hó àfi tó bá di lẹ́búlẹ́bú. Àwọn tó ń sin ẹja omi kànga máa ń sá fún òkúta tó bá hó, torí ó lè yí omi wọn padà. Ní ti ẹja òkun, kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì yí ara òkúta ká. Nígbà mìíràn, èérún irin láti ara ẹ̀rọ máa ń kù sínú ihò gíránáìtì, yóò sì dípẹtà nínú omi iyọ̀. Mágínẹ́ẹ̀tì yóò fà á jáde.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ìdánwò méjèèjì yìí nìkan. Fínígà kò lè sọ bóyá òjé wà nínú òkúta. Mágínẹ́ẹ̀tì kò lè fa bàbà.

Bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́

Tí etí òkúta bá mú bí abẹ, ẹ kọ́kọ́ pa á. Inú omi ni kí ẹ ti pa á, ẹ má ṣe pa á ní gbígbẹ, kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà sì fi ìbòmú tó dára bo imú àti ẹnu. Eruku gíránáìtì máa ń jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró, kì í sì í jáde mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì oníke tó le gbo gbogbo ara rẹ̀. Ẹ má lo búrọ́ọ̀ṣì onírin, torí èérún rẹ̀ yóò dípẹtà. Ẹ má lo ọṣẹ kankan, ì báà ṣe ọṣẹ dúdú tàbí ọṣẹ ìfọṣọ, nítorí ihò òkúta á gbà á mọ́ra, á sì máa tú u jáde sára ẹja.

Tí òkúta bá ti wà níta pẹ́, tí ewédò tàbí ìdọ̀tí ẹran ti wà lára rẹ̀, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ dà Jik tí kò ní òórùn àtọwọ́dá sí: Jik lítà kan sí omi lítà mẹ́wàá, fún ọjọ́ kan. Ẹ dà á nù, ẹ ṣan òkúta náà lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Oògùn tí àwọn ẹlẹ́ja fi ń pa kẹ́míkà inú omi ẹ̀rọ náà wúlò nínú omi ọjọ́ tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, ẹ sá a sí oòrùn títí òórùn Jik kò fi ní sí lára rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ohun mẹ́ta wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe. Ẹ má ṣe da Jik pọ̀ mọ́ fínígà tàbí ásíìdì, nítorí afẹ́fẹ́ olóró ni yóò jáde, ó sì lè pa ènìyàn. Ẹ má ṣe fi ásíìdì bátìrì tàbí èyí tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fọ òkúta, yóò jẹ mábù, á sì fi ìdọ̀tí tirẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ má sì ṣe se òkúta lórí iná tàbí kí ẹ yan án. Omi tó bá há sínú rẹ̀ lè di oru, kí òkúta náà sì bẹ́ bí ìbọn. Tó bá jẹ́ òkúta tó ti wà nínú òkun rí ni, ewu tirẹ̀ tún pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn iyùn rírọ̀ kan ní oró lára, oru rẹ̀ sì ti gbé odindi ìdílé dé ilé ìwòsàn rí.

Ìdánwò bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì

Ibí yìí ni owó yín wà. Ẹ ra iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún àpótí ẹja òkun. Iyọ̀ ọbẹ̀ kò lè ṣe é, nítorí ohun tó wà nínú omi òkun pọ̀ ju iyọ̀ lásán lọ. Ẹ má sì lọ bu omi ní etíkun, ẹ kò mọ ohun tó ti wà nínú rẹ̀. Ẹ po iyọ̀ náà bí ara páálí rẹ̀ bá ṣe wí. Fún omi lítà 20, ó máa ń tó gíráàmù 700 tàbí kí ó lé díẹ̀.

Ẹ pín omi náà sí bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke méjì tí a kò tíì kó kẹ́míkà sí rí. Ẹ kó òkúta sínú ọ̀kan títí yóò fi tó ìdajì. Ẹ má fi ohunkóhun sínú èkejì. Ẹ fi ẹ̀rọ kékeré tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi sí méjèèjì, ẹ dé e kí òjò àti eruku má baà wọ̀ ọ́, kí ẹ sì fa ilà síbi tí omi dé. Bí omi bá ń gbẹ, omi mímọ́ tí kò ní iyọ̀ ni kí ẹ fi kún un dé ilà yẹn, torí iyọ̀ kì í bá omi gbẹ.

Ẹ yẹ omi méjèèjì wò lọ́jọ́ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yóò fi pé. Ohun mẹ́rin ni kí ẹ wò: pH, amóníà, fọ́sífétì àti bàbà. Àwọn tó ń ta èlò ẹja máa ń ta ohun ìdánwò wọn. Ẹ rí i pé èyí tí ẹ rà wà fún omi iyọ̀. Kí ẹ kọ ohun gbogbo sínú ìwé.

Bọ́kẹ́ẹ̀tì kejì ni ẹlẹ́rìí yín. Tí nǹkan kan náà bá yí padà nínú méjèèjì, inú omi tàbí iyọ̀ ló ti wá. Tó bá jẹ́ èyí tó ní òkúta nìkan ló yí, òkúta lẹ́bi. Bí pH bá gòkè kọjá 8.5 nínú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí sìmẹ́ǹtì ṣì wà lára òkúta. Amóníà túmọ̀ sí pé nǹkan kan ń jẹrà níbẹ̀. Fọ́sífétì yóò bí ewédò. Ẹ tún fọ irú èyí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò látìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí bàbà bá farahàn, tàbí tí epo bá léfòó lójú omi, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ kó òkúta náà dànù.

Ẹ fi sọ́kàn pé ohun ìdánwò yìí kò ka òjé. Ìdí nìyí tí ìbéèrè ibi tí òkúta ti wá fi ṣáájú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìwúwo rẹ̀

Ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í ronú lórí ìwúwo, ẹ̀yin lẹ máa bá wọn rò ó. Mábù àti gíránáìtì wúwo tó nǹkan bíi ìlọ́po 2.7 omi. Àgékù tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30, tó fẹ̀ ní 20, tó nípọn ní 2, yóò tó kílò mẹ́ta ó lé díẹ̀. Tí wọ́n bá to mẹ́wàá rẹ̀ léra, ó ti di nǹkan bíi kílò 32. Àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní ìdajì mítà, tó ga ní ìdajì mítà, omi lítà 250 ló ń gbà. Tí a bá ro omi àti òkúta mẹ́wàá yẹn pọ̀, ó ti lé ní kílò 270, a kò sì tíì ka gíláàsì àti tábìlì abẹ́ rẹ̀.

Ẹ gba oníbàárà níyànjú kí ó tẹ́ ike tàbí fóòmù sí ìsàlẹ̀ àpótí, kí ó to òkúta lé e, kí ó tó da iyanrìn sí i. Àwọn ẹja kan máa ń gbẹ́ ilẹ̀; tí òkúta bá jókòó lórí iyanrìn, ọjọ́ tí wọ́n bá gbẹ́ ìdí rẹ̀ ni yóò wó lu gíláàsì. Tí wọ́n bá fẹ́ lẹ òkúta pọ̀, sílíkóònù tí wọ́n ṣe fún àpótí ẹja ni kí wọ́n lò, kì í ṣe ti ilé ìwẹ̀ tí wọ́n ti fi oògùn èébu sí.

Bí ẹ ṣe máa ṣírò owó

Láti ọjọ́ tí ẹ gbé òkúta dé títí di ọjọ́ tí ẹ máa tà á, ó lè tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ ka owó ọkọ̀, iyọ̀, Jik, ohun ìdánwò, iná mànàmáná, owó ọmọ iṣẹ́ àti ibi tí òkúta gbà nínú ṣọ́ọ̀bù yín mọ́ iye tí ẹ máa tà á. Ẹni tó bá sọ pé òkúta ọ̀fẹ́ ni òun ń tà kò tíì ṣírò dáadáa.

Ọgbọ́n kan wà tó ń dín ìnáwó kù. Tí àgékù bá wá láti ara pẹpẹ òkúta kan náà, tí ọwọ́ kan náà sì fọ̀ ọ́, ìdánwò kan ti tó fún gbogbo rẹ̀. Ẹ mú ẹ̀là mẹ́rin tàbí márùn-ún fún bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wàhálà ìdánwò kílò 10 kò yàtọ̀ sí ti kílò 100. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kó òkúta ibi mẹ́ta pọ̀, ìdánwò mẹ́ta ni yóò gbà yín. Nítorí náà, ẹ máa gba èyí tó pọ̀ láti ibì kan, dípò díẹ̀díẹ̀ láti ibi gbogbo.

Ẹ fún ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹ kọ ibi tó ti wá, ọjọ́ tí ẹ fọ̀ ọ́ àti èsì ìdánwò ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sórí ìwé kékeré, kí ẹ fún oníbàárà ní ẹ̀dà kan, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀là kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Tí ẹja bá kú lẹ́yìn oṣù méjì, tí wọ́n sì ní òkúta ló fà á, ìwé yẹn ni yóò gbà yín sílẹ̀, tàbí kí ó fi ibi tí àṣìṣe wà hàn yín kí ẹ lè pe àwọn tó kù tó ra nínú ìdìpọ̀ náà.

Ní ìparí, ẹ gba oníbàárà níyànjú kó má ṣe kó gbogbo ẹja rẹ̀ sínú omi lọ́jọ́ kan náà. Kí ó fi díẹ̀ ṣáájú, kí ó máa yẹ omi rẹ̀ wò, kí ó tó mú àwọn tó wọ́n wọlé. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin inú bọ́kẹ́ẹ̀tì lè dà bíi pé ó pẹ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó àkókò tí yóò gbà yín láti tún orúkọ yín rà padà lọ́wọ́ oníbàárà tí ẹja rẹ̀ kú.